Ogun Ìlọrin kọ́ ló gbé ẹ̀sìn Ìmàle dé ọ̀dọ̀ wa

Kò síbi tẹ́ ẹ ò ti ní gbọ́ ọ: níbi ìkómọ, nínú mọ́tò, lórí WhatsApp. "Fúlàní ló fi idà gbé Ìmàle wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọpẹ́lọpẹ́ Ìbàdàn tó lé wọn padà l'Óṣogbo, wọn ì bá ti ri Kùránì bọ òkun." Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé àwọn Mùsùlùmí pàápàá ń sọ ọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ o. Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Àlímì tó jẹ́ àfáà Fúlàní, Ọ̀yọ́-Ilé tú, Ìbàdàn sì ṣẹ́gun Ìlọrin l'Óṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Àmọ́ pé ogun yẹn ló gbé ẹ̀sìn náà dé, irọ́ ni.

Àwọn àgbà tiwa ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé. Mo mọ̀ pé àsọdùn wà níbẹ̀, nítorí Ifá ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tí ogun gbé wọ̀lú, ta ló máa gbàgbé ọjọ́ tó dé? Ìgbàgbọ́ ni wọ́n rántí ọjọ́ tó wọlé. Àwọn babaláwo gan-an kì í ka Ìmàle sí àlejò. Ẹ béèrè Òtúá Méjì lọ́wọ́ wọn, odù Ifá tó sọ̀rọ̀ Ìmàle.

Ẹ tún wo orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ní "ìmọ̀ líle" ni Ìmàle, àwọn mìíràn á ní ẹ̀sìn tó le ni. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé Málì ni orúkọ náà ti wá, lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń tọ odò Ọya sọ̀kalẹ̀ kí Usman dan Fodio, Fúlàní tó dá ìjọba Sókótó sílẹ̀, tó dáyé. Àlùfáà náà, èdè Songhai ló ti bọ́ sẹ́nu wa. Ká ní Fúlàní ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní Kùránì ni, modibbo, bí Fúlàní ṣe ń pe àfáà, là bá máa pe àwọn àfáà wa. Àdúrà, àlàáfíà, wàásù, wòlíì, Lárúbáwá ló ni gbogbo wọn. Wọ́n ti di Yorùbá pátápátá kí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì, ìyẹn ni kò fi wá òmíràn. Pásítọ̀ tó ń bú Ìmàle lórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ Ìmàle ló fi ń gbàdúrà.

Crowther yìí kan náà ni ẹlẹ́rìí mi. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Nígbà tó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1837, ó ní àwọn tó ń jagun náà, Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó kún ilẹ̀ òun fọ́fọ́; Fúlàní àti ẹrú tó sá fún olówó rẹ̀ ló wá kún wọn. Ó burú tí wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ, n ò ní gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ: Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, wọ́n sì pọ̀. Èyí jẹ́ nígbà tí Àfọ̀njá, olórí Ìlọrin nígbà náà, ṣì wà láyé, tí Ìlọrin ò tí ì ní ẹ́míà kankan.

Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí. Òun àti Aláàfin Aólẹ̀ ló jà, ó fẹ́ dá dúró, àwọn jagunjagun ló sì ń wá. Ó pe Àlímì, kó wá máa ṣe tíírà àti àdúrà fún òun. Ó pe Ṣólágbẹ́rú, Yorùbá paraku, olówó tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó wá tẹ̀dó sí Òkè Súnà. Ní nǹkan bí 1817, ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹrú Mùsùlùmí kárí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ pé ẹni tó bá wá bá òun ti dòmìnira. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní Jàmáà. Johnson òpìtàn sọ pé òrùka irin ńlá méjì ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, ọ̀kan ní àtàǹpàkò ọwọ́ òsì, èkejì ní ìka mìíràn lọ́wọ́ kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á gbá òrùka mọ́ra, á dún, ìyẹn ni ìkíni wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń kó ẹrù olẹ́rù, wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ, Àfọ̀njá ò rí wọn ká mọ́. Ìgbà tó pàpà fẹ́ fọwọ́ líle mú wọn, wọ́n yí sí i. Ó ránṣẹ́ sí Ṣólágbẹ́rú, Ṣólágbẹ́rú ò dá a lóhùn. Wọ́n ní ọfà àti ọ̀kọ̀ pọ̀ lára Àfọ̀njá débi pé òkú rẹ̀ ò ráyè ṣubú.

Ṣólágbẹ́rú ńkọ́? Ó gbè sẹ́yìn Ìlọrin nínú ogun Ogele, ó rò pé àwọn jọ ń ṣẹ̀sìn kan náà. Abdulsalami ọmọ Àlímì ló pa á. Ta ni ẹ̀sìn wá gbè níbẹ̀? Ìjà ta-ni-yóò-jọba ni.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ogun wọ̀nyẹn tà sókè òkun, Mùsùlùmí ni àwọn náà. Ní Bahia ní Bràsíìlì, wọ́n dìde sí àwọn olówó wọn ní oṣù January 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, tíírà tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ wà lára wọn. Malê ni wọ́n pe ọ̀tẹ̀ náà títí dòní. Ìmàle wa náà ni.

Ibi tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni èyí. Bó bá jẹ́ pé ogun ló gbé e, ibi tí ogun ti jà jù ló yẹ kó pọ̀ sí. Ìlọrin kó Èkìtì lẹ́rú léraléra, onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù l'Ékìtì lónìí. Ogun Ìlọrin ò dé Ìjẹ̀bú, ẹ lọ ka mọ́sáláṣí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìbàdàn tó ṣẹ́gun Ìlọrin l'Óṣogbo, Ààrẹ Látóòsà tó ṣe olórí wọn láti 1871, Mùsùlùmí ni.

Ìtàn idà yìí ò lè kú, nítorí ó wúlò. Ẹni tó fẹ́ sọ pé Mùsùlùmí kì í ṣe ojúlówó Yorùbá, òun ló ń fà yọ. Àfáà tó fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ ará Sókótó, òun náà ló ń fà yọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, ẹ ya Martins Street lọ wo mọ́sáláṣí Shitta-Bey. Mohammed Shitta, Sàró tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló fi owó òwò kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé ló wà lára ògiri rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i ní July 1894, ẹni tó wá ṣojú Sultan Turkey ni Abdullah Quilliam, lọ́yà Òyìnbó láti Liverpool.