FIFA kò fòfin de Nikola Kalinić

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp nípa Nikola Kalinić, agbábọ́ọ̀lù iwájú ọmọ Croatia. Ó ní nítorí pé ó kọ̀ láti wọlé nígbà tí wọ́n ń bá Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Àgbáyé 2018, FIFA fòfin dè é títí láé, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì parí síbẹ̀.

Irọ́ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ o, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti gbà gbọ́. Ní Kaliningrad, Croatia na Super Eagles 2-0 (àwa náà ṣì rántí), Kalinić sì ní ẹ̀yìn ń dun òun nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọlé. Kóòṣì Zlatko Dalić ló dá a padà sílé. Ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ wọn ni. FIFA ò dá sí i.

Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn gan-an, Atlético Madrid rà á lọ́wọ́ Milan. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta 2020, ó wà ní Roma nígbà tí wọ́n na Cagliari 4-3, òun nìkan ló gbá méjì wọlé nínú mẹ́rin yẹn. Ó dé Verona, ó sì padà sí Hajduk Split, ẹgbẹ́ ilé Croatia níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ní 2022. Ta ni yóò fòfin de èèyàn tí yóò tún máa gbá Serie A, líìgì ńlá Ítálì?

Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sórí Google pẹ̀lú “Roma Cagliari 2020”, ẹ ó rí i fúnra yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.