Ẹni tó mọ ojú ọjọ́, tó tún mọ kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ojú ọjọ́ kò níbi tó fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ju NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, àti pápákọ̀ òfuurufú lọ, mi ò fara mọ́ ọn. Ní Yúróòpù, àwọn tó ń ra iná mànàmáná tí wọ́n ń tà á ń wá irú wọn lójú méjèèjì. Iná tí wọ́n máa lò lọ́la, òní ni wọ́n ń ná an. Bí atẹ́gùn bá máa fẹ́ gan-an ní Jámánì, iná á pọ̀, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń tà á gan-an ló máa sanwó fún ẹni tó ń rà á! Ẹni tó bá lè fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí ECMWF, àjọ kan ní Yúróòpù, ń gbé jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kó sọ ọ́ di iye mẹ́gáwáàtì iná tó máa wà, ṣé ẹ rò pé ebi máa pa á?

Níbí ńkọ́? Kubwa ni mò ń gbé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fìka nu ojú sólà orí òrùlé wa, ẹ ó rí eruku tó ń dín iná rẹ̀ kù. Àwọn ibùdó tó ń pèsè iná ní Kainji, Jebba àti Shiroro náà, omi ni wọ́n gbójú lé. Lóòótọ́, ọjà iná tiwa ò tíì rí bíi tiwọn. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ FUTA tẹ́ ẹ ń ka Meteorology, ẹ má jókòó de iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni Python, ọ̀fẹ́ ni dátà ERA5, ìyẹn àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ àtẹ̀yìnwá. Owó dátà fóònù nìkan ló kù.