Ọjọ́ Orí Kọ́ Ni Ó Ń Pa Ọkọ̀ Fáíbà

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ẹnu ọkùnrin kan tí ó ti ń tukọ̀ kí èmi tó mọ etí omi rárá: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1980, nítorí pé fáíbà rẹ̀, ìyẹn okùn dígí tí wọ́n fi kẹ́míkà lẹ̀ pọ̀ di ara ọkọ̀, ti gbó, omi ti rin ín, yóò sì là sí méjì lójú agbami. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́ báyìí ni àwọn onídìí gígùn, tí kíìlì wọn, ìyẹn apá ìdí ọkọ̀ tí wọ́n kó irin tàbí òjé sí kí ọkọ̀ má baà dojú dé, gba abẹ́ wọn lọ gbọọrọ títí dé ibi tí ìtọ́kọ̀ so mọ́: Albin Vega láti Sweden, Contessa 26 láti Lymington ní England, Twister àti Nicholson 32. Wọ́n wà káàkiri ní àwọn ọgbà ọkọ̀ Kent àti Essex, owó òmíràn nínú wọn kò sì tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó dára, síbẹ̀ àwọn ènìyàn wa nílùú ọba tí wọ́n fẹ́ kọ́ ìtukọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ fáíbà fún iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 10, wọ́n gé díẹ̀ lára ọ̀kan nínú wọn, wọ́n dán agbára rẹ̀ wò; lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 20, wọ́n tún gé e, wọ́n tún dán an wò, fáíbà náà kò sì tíì rẹ̀wẹ̀sì lọ́nà kan tó jọjú. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ náà ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn, kì í ṣe pé wọ́n gbé e pamọ́ sínú ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti ẹ̀ṣọ́ etíkun yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tí à ń rà, ẹ jẹ́ kí ó wo Matt Rutherford, atukọ̀ ará Amẹ́ríkà kan. Vega ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 27 tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970, tí ẹnìkan ti fi ta ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́rẹ, ni ó gbé kúrò ní Annapolis ní oṣù kẹfà ọdún 2011. Òun nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ó la òkun yìnyín tó wà ní àríwá Canada kọjá, ó yí Cape Horn po ní ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì padà sí Annapolis ní oṣù kẹrin ọdún 2012, lẹ́yìn ọjọ́ 309, láì gúnlẹ̀ sí èbúté kankan. Ẹ̀rọ tí ń sọ omi òkun di omi mímu bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fáíbà tí àwọn kan ní ó ti jẹrà ni ó gbé e délé.

Vega ni èmi náà ní, ó sì ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó dé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo ní kí wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti fi ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn omi sí i, mo gba èyí tí wọ́n gé jáde náà lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ó nípọn tó ìka ọwọ́ mi kékeré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́, okùn dígí inú rẹ̀ tò lé ara wọn láì sí àlàfo, nígbà tí mo sì gbé e lé kọnkéré tí mo fi òòlù lù ú, òòlù ni ó ta padà. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ nígbà náà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe lè fi fáíbà ṣahun, nítorí náà wọ́n ń tò ó lé ara wọn ni.

Wọn yóò ní ìléròrò ńkọ́, èyí tí ń yọ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí omi bá gba awọ òde wọlé, tí ó bá kẹ́míkà inú fáíbà pàdé, tí ó sì di omi kíkan tí ń rùn bíi fínígà. Mo ti rí i lára ọkọ̀ púpọ̀. A ń bẹ́ ẹ, a ń fọ̀ ọ́, a ń jẹ́ kí ó gbẹ, a sì ń dí i. Ó burẹ́wà, ó sì ń náni lówó, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ń rì ọkọ̀.

Ohun tí ń bá ọkọ̀ àgbà jà wà lókè orí omi. Ẹ fi ìdí tọ́nàbíìsì lu dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn òkè ọkọ̀ tí à ń rìn lé, láti iwájú dé ẹ̀yìn: ibi tó bá dún kọ̀, ó le, ibi tó bá dún bọ̀, omi ti gba ojú ihò bóòtù wọlé, pákó tí wọ́n fi sáàárín fáíbà méjèèjì ti rà. Nínú Vega, ẹ ṣí ilẹ̀kùn abẹ́ òpó tí wọ́n ta ìgbòkun mọ́, kí ẹ sì tì í; bí ó bá ń há, igi ìdábùú tó gbé òpó dúró ti ń tẹ̀. Ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì wò dáadáa, nítorí pé tuntun lè gbówó lórí ju ọkọ̀ náà lódindi lọ.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí wọn kò kọ́ dáadáa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà ẹ sanwó fún ẹni tí ń yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó san ti ọkọ̀. Wáyà tó di òpó mú ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á léèrè. Bí kò bá ní rìsíìtì tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 10, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní fẹ́ dáwọ́ lé ọkọ̀ náà. Kí ẹ yọ owó wáyà tuntun kúrò nínú iye tí ó pè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.