Fọ́ọ̀mù Banjul àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà

Àwọn tó ṣètò kọ́ọ̀sì tí mo lọ ṣe ní Banjul, olú ìlú Gambia, lọ́dún tó kọjá tún ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi kọ́ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́yà padà. Wọ́n ní kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Àpẹẹrẹ! Ó dáa, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Mi ò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí mo délé tí wọ́n pè mí sí téṣàn kan n'Ìbàdàn níbí, aago mẹ́jọ alẹ́. Ọmọ ni wọ́n ń wá, lórí gbèsè ọ̀kadà tó gbà láwìn. Wọn ò bá a nílé, wọ́n bá gbé màmá ẹ̀. Màmá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń ta èlùbọ́. Wọ́n ti gba bàtà ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn kántà, ó fi gèlè wé ẹsẹ̀ méjèèjì nítorí ẹ̀fọn, èlùbọ́ ṣì wà létí ìró ẹ̀.

Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Ní Banjul, a máa ń ṣe é bí eré: ẹnì kan á ṣe ọlọ́pàá, ẹnì kan á ṣe lọ́yà. Èmi ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù. Mo bá bẹ̀rẹ̀. ACJA 2015, òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, ní a kì í mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, òfin ọlọ́pàá ti 2020 náà tún un sọ. Mo dé abala 35 ìwé òfin 1999, pé bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé èèyàn débẹ̀...

Sájẹ́ǹtì ń jẹ ẹ̀pà. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún ló ti kọ́kọ́ pè é. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí ìwé, ó ní, "Lọ́yà, ẹ ṣeun. Ọ̀gá ti lọ sílé. Ẹ mú ogún wá." Lókè orí ẹ̀ gan-an, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bélì.

Ọlọ́pàá inú eré tiwa kì í jẹ ẹ̀pà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ǹ bá dúró di àárọ̀, kí n pẹjọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá wà nílé.

Wọ́n kọ́ wa ní Banjul pé kí èèyàn tó gbé ẹ̀sùn wá síwájú àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti lo gbogbo ọ̀nà tó wà nílùú tiẹ̀ tán. Mo lo tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́yà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń ti owó sábẹ́ ìwé bíi kọ́ńdọ́ dánfó.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni àádọ́ta tó di ogún yẹn. Ṣé abala 35 ló gé e ni, àbí ibi tó fẹ́ já a sí tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn?

Màmá ti ròyìn mi káàkiri ọjà pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ti rán sí mi, gbogbo wọn ló ká owó lọ́wọ́ wá. Ìbéèrè karùn-ún inú fọ́ọ̀mù sì rèé: ṣé àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ yín ti pọ̀ sí i?