Kọ̀ǹpútà Mi Kì í Jẹ́ Iṣẹ́ Tí N Kò Rán An Mọ́

Láti ìgbà tí mo ti pa ètò ìṣiṣẹ́ tó bá kọ̀ǹpútà mi wá rẹ́, tí mo sì ti ń lo Linux fún gbogbo iṣẹ́ mi, ìbéèrè méjì ni àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí: ṣé kò ṣòro, àti pé ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kò ṣòro tó bí wọ́n ṣe rò, pé ọ̀fẹ́ sì ni lóòótọ́, àmọ́ kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó mú kí n dúró sídìí rẹ̀. Ohun tó mú mi dúró ni pé ọ̀rọ̀ mi ló ń ṣẹ lórí ẹ̀rọ tí mo fi owó ara mi rà. Bí mo bá ní kó ṣe nǹkan, á ṣe é. Bí n kò bá ní kó ṣe é, kò ní dédé ṣe é. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ronú àtiyí padà kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò nìyẹn, kó tó máa ro bí ojú rẹ̀ ṣe dára tó tàbí bó ṣe yá tó.

Fún ẹni tí orúkọ náà ṣàjèjì sí, Linux ni kernel, ìyẹn apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń pín agbára ẹ̀rọ fún àwọn áàpù, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland. Púpọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tó yí i ká wá láti inú iṣẹ́ GNU, ìyẹn iṣẹ́ láti kọ ètò ìṣiṣẹ́ tí gbogbo èèyàn lómìnira láti lò, tí Richard Stallman kéde ní ọdún 1983, ìwé àṣẹ GPL tí wọ́n sì gbé e lé sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó yẹ inú kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́, wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn, níwọ̀n ìgbà tí òun náà kò bá ti fi ẹ̀tọ́ kan náà du ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn bíi Debian, tó ti wà láti ọdún 1993, àti Ubuntu, tó jáde ní ọdún 2004, ló ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odindi ètò tí èèyàn lè fi sórí kọ̀ǹpútà. Linux Mint tó dá lórí Ubuntu ni èmi ń lò. Ẹni tó bá sì rò pé nǹkan àwọn ọ̀jẹ̀ nìkan ni, kó wo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kernel yìí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 pẹ̀lú, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó wà nínú àkójọ TOP500, ìyẹn àwọn tó lágbára jù lọ lágbàáyé, ló ń lò ó.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe tuntun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní update. Lórí ètò tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà lè pinnu fúnra rẹ̀ pé àkókò tó láti kú kó sì tún tàn, yálà mo wà láàárín iṣẹ́ tàbí n kò sí, èmi á sì jókòó máa wo nọ́ńbà tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú síkírínì. Bí ayálégbé tí onílé ń já wọ yàrá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn ló ṣe máa ń rí lára mi. Ní báyìí, àmì kékeré kan ni yóò yọ ní igun síkírínì láti jẹ́ kí n mọ̀ pé àtúnṣe wà nílẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, yóò to wọn sílẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ áàpù rèé, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ rèé, èyí tó fẹ́ wọlé rèé, ìdí tí wọ́n fi ṣe é rèé. Mo lè mú èyí tí mo fẹ́ kí n sì fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, mo sì lè máa kọ̀wé mi lọ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò béèrè pé kí kọ̀ǹpútà kú rárá. Àtúnṣe kernel ló sábà máa ń fẹ́ kí n tún ẹ̀rọ tàn, síbẹ̀ kò ní pa kernel ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí tuntun bá fa wàhálà, mo lè yan ti àtijọ́ bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tàn. Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, n kò ní kí a máa sá fún àtúnṣe, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dí ihò tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, èmi gan-an kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ kí n tó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi léèrè máa ń ṣe é tọkàntọkàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá fi tipátipá mú á máa wá ọgbọ́n tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bí mo bá nílò áàpù, n kì í wá a káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kí n máa ṣọ́ra fún bọ́tìnnì ayédèrú tó lè kó kòkòrò wọ ẹ̀rọ. Àwọn tó ń tọ́jú ètò náà ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn síbì kan, wọ́n fi òǹtẹ̀ sí wọn, ẹ̀rọ mi yóò sì yẹ òǹtẹ̀ náà wò kó tó gbà wọ́n. Nígbà tí mo ń fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà, ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju èdè, kíbọ́ọ̀dù, aago àgbègbè mi, orúkọ tí mo fẹ́ máa jẹ́ lórí ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà lọ. Kò ní kí n lọ ṣí àkáǹtì níbì kankan kí n tó lè lo ohun tó jẹ́ tèmi, ìpolówó ọjà kò sì sí nínú mẹ́nù rẹ̀.

Terminal, ojú dúdú tí wọ́n máa ń tẹ àṣẹ sí, ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé, tó ń fi wo fídíò, tó sì ń fi ka íméèlì lè lo oṣù púpọ̀ láìṣí i rárá. Èmi ni mo yàn láti máa ṣí i, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Mo fi dísìkì alágbèéká kan sára kọ̀ǹpútà láti da àwọn fáìlì mi kọ sí i, nígbà tí mo sì fẹ́ yọ ọ́, kọ̀ǹpútà kọ̀. Mo ṣí terminal, mo tẹ umount, àṣẹ tí a fi ń yọ dísìkì, ó dáhùn pé nǹkan kan ṣì ń lo dísìkì náà lọ́wọ́. Mo wá tẹ lsof, àṣẹ tó ń fi áàpù tó ń lo fáìlì hàn, mo fi orúkọ ibi tí dísìkì náà wà tẹ̀ lé e, ìlà kan ṣoṣo sì jáde, tó dárúkọ áàpù tí mo fi ń ka PDF, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, àti ìwé náà gan-an tí mo ṣí sílẹ̀ sẹ́yìn àwọn ojú ìwé mìíràn. Mo pa ìwé náà dé, dísìkì sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, àmọ́ mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo mọ ìdí rẹ̀, bó bá sì tún ṣẹlẹ̀, n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀, èyí tí àwa tó ń kọ Yorùbá kò lè fojú kékeré wò. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú àwọn tí èèyàn lè yàn láìwá áàpù kankan kún un, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni mo fẹ́ràn. Mo sọ bọ́tìnnì Alt ọwọ́ ọ̀tún di Compose, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń so àmì méjì pọ̀ di lẹ́tà kan, nínú ètò kíbọ́ọ̀dù. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, tí mo tẹ àmì ìyanu, tí mo sì tẹ o, ọ ló máa jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ àti ṣ. Ní ti àwọn lẹ́tà tí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ jọ wà lára wọn, mo kọ ìlànà tèmi sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ .XCompose, ìlà kan fún lẹ́tà kan, n kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan kí n tó ṣe é.

N kò ní fi ibi tó ti ń ṣòro pa mọ́. Ìwé tí mo jọ ń kọ pẹ̀lú àwọn tó ń lo Microsoft Word ló ń fún mi níṣẹ́ jù. LibreOffice, áàpù tí mo fi ń kọ̀wé, tó yà kúrò lára OpenOffice ní ọdún 2010, ń ṣí fáìlì .docx, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé tó jẹ́ ojú ewé mẹ́wàá lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ lè di mọ́kànlá lọ́dọ̀ mi, tí àwọn tábìlì inú rẹ̀ á sì ti yẹ̀ kúrò láyè wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ǹtì ló ń fà á. Fọ́ǹtì Calibri ní oní-nǹkan, àwọn tó ń ṣe Linux kò sì láṣẹ láti máa pín in, nítorí náà LibreOffice á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, bí lẹ́tà ìyẹn bá fẹ̀ ju ti Calibri lọ, ìlà á já síbi tí kò yẹ. Nígbà tí mo fi Carlito sórí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kí ìbú lẹ́tà rẹ̀ lè bá ti Calibri dọ́gba, àti Liberation Serif tó bá Times New Roman dọ́gba, ọ̀pọ̀ ìwé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ojútùú ti wà nílẹ̀ tipẹ́. ODF, irú fáìlì tí LibreOffice ń lò, ti di ìlànà àgbáyé ISO/IEC 26300 láti ọdún 2006, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ áàpù tó máa kà á, síbẹ̀ iléeṣẹ́ àti iléèwé tó ń fi dandan lé e pé kí a fi irú fáìlì iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ kò lóǹkà. Bí oúnjẹ òòjọ́ ẹnì kan bá dá lórí Photoshop, tàbí lórí Excel tó kún fún macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ sínú rẹ̀ kó lè máa dá ṣiṣẹ́, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó pa ètò tó ń lò rẹ́, nítorí àwọn tó ṣe wọ́n kò ṣe èyí tó wà fún Linux. Eré orí kọ̀ǹpútà ti sàn gan-an láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Valve ti gbé Proton, ètò tó ń jẹ́ kí eré tí wọ́n ṣe fún Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, jáde ní ọdún 2018, àfi àwọn kan tí ètò tó ń dènà màgòmágó nínú wọn kò gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé ohun tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba kò lè ní ààbò, nítorí ọ̀tá náà lè kà á. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ kan nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi rí i pé wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀tá lè gbà wọlé, pamọ́ sínú xz, irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, ó sì kéde rẹ̀ kí ó tó dé inú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ètò tí aráàlú ń lò. Ó rí i nítorí pé kò sí ẹni tó lè dí i lọ́wọ́ láti wo inú rẹ̀. Àmọ́ apá kejì ìtàn yìí ló ń dùn mí jù: ẹnì kan ṣoṣo tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀, tó sì ti rẹ̀, ló ń tọ́jú irinṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò yìí, ìdí sì nìyẹn tí oníṣẹ́ ibi tó fi ilẹ̀kùn náà pamọ́ fi rí àyè fi ohun tó ju ọdún méjì lọ ṣe bí olùrànlọ́wọ́ títí wọ́n fi fọkàn tán an. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọ̀fẹ́ tí à ń jẹ yìí ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹni tó lówó, kó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe áàpù tó ń lò. Ẹni tí kò ní, kó ròyìn àṣìṣe tó bá rí ní kíkún. Ẹni tó gbọ́ èdè, kó túmọ̀ mẹ́nù àti ìwé ìtọ́sọ́nà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń ronú nípa èyí lọ́wọ́ báyìí, nítorí pé Microsoft ti dá ìtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun kan tó ń dáàbò bo àṣírí inú ẹ̀rọ, tí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan kò ní. Ẹ má ṣe ju irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nù. Ẹ gbé Linux sórí fíláàṣì, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde, bóyá kámẹ́rà ń ríran, kí ẹ pa ọmọrí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé kí ẹ sì tún un ṣí láti mọ̀ bóyá yóò jí. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ẹ da fáìlì yín kọ sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ gbé dísìkì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn níbẹ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tó máa pa ètò àtijọ́ rẹ́.