System Shock 2 kì í ṣe géèmù tó lọ́ra

Mo rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pín kiri, pé System Shock 2, géèmù ọdún 1999 nì, lọ́ra, àti pé bí ẹ bá ti kú nínú rẹ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ àjà Von Braun, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú tí géèmù náà ti ń wáyé, ẹ̀rọ kan wà tó ń jí òkú dìde. Ẹ wá a kàn, ẹ tàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀tá pa yín. Bí nanites, owó inú géèmù náà, bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn lẹ ó ti jí.

Ìlọ́ra yàtọ̀ sí ìṣọ́ra. Ẹsẹ̀ yín yá dáadáa nínú géèmù yìí. Ìpinnu ló ń gba àkókò. Bí ẹ ṣe ń yìnbọn ni ìbọn ń gbó, títí yóò fi bàjẹ́ pátápátá. Ẹ ṣí àpò ẹrù yín nígbà tí ọ̀tá wà nítòsí: géèmù kò ní dúró dè yín, ẹ ó ṣì máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó le, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìnira yẹn gan-an ló ń mú kí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo já èèyàn láyà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò.