Gbogbo Lẹ́tà Ló Ń Ṣoge

Ẹ bá mi wo káàdì ìgbéyàwó kan. Orúkọ ìyàwó fì. Orúkọ ọkọ fì. Ọjọ́ fì, àdírẹ́sì fì, nọ́ńbà fóònù pàápàá fẹ̀gbẹ́ ti ògiri bí ọ̀mùtí. Gbogbo wọn sanra, gbogbo wọn na èékánná ṣóńṣó sórí ìlà. Ẹni tó bá fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé òun gbáfẹ́ lóde òní, bold italic, lẹ́tà tó sanra tó tún fì, ló ń tẹ̀ látòkè délẹ̀. Kódà ìkìlọ̀ pé kí a ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń fì bí ìwé ìfẹ́.

Lẹ́tà náà ò jẹ̀bi o. Arẹwà ni. Ibi tó nípọn dà bí òpó, ibi tó tín-ín-rín ò ju fọ́nrán irun lọ. Lẹ́tà f rẹ̀ á na ìrù kọjá sábẹ́ ìlà, a rẹ̀ á ṣí fìlà, á di roboto bí èyí tí a fi gègé kọ. Nígbà tí Aldus Manutius, atẹ̀wé kan, fi italic, lẹ́tà tó fì, tí Francesco Griffo gbẹ́ tẹ odindi ìwé ní Venice nílẹ̀ Italy lọ́dún 1501, tẹ́ẹ́rẹ́ ni lẹ́tà ọ̀hún, àwọn kékeré nìkan ló sì fì. Àwọn lẹ́tà ńlá dúró ṣánṣán. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1800 ni àwọn tó ń polówó ọjà wá ń bọ́ lẹ́tà sanra.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀: ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ tẹnu mọ́, tàbí àkọlé ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó tóbi tó 36 point. Ẹ wá fi tẹ odindi ojú ìwé ní 9 point: fọ́nrán irun yẹn á pòórá, tàdáwà á dí ihò inú e. Èwo la wá ń tẹnu mọ́ níbẹ̀? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ayédèrú ló tún burú jù. Bí fọ́ǹtì ò bá ní bold italic tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á mú èyí tó dúró, á taari ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ọ̀rá kún un lára. Ẹ wo a: bó bá ṣì dé fìlà, wọ́n ti ta gbàrọgùdù fún yín.

Ti èdè tiwa tún lágídí. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ẹ níyàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ gùn ún lọ́tọ̀. Bí lẹ́tà bá fì, ó yẹ kí àmì òkè sún sọ́tùn-ún díẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ sún sósì. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ nírú ẹ̀ á gbé àmì lé orí lẹ́tà ẹlẹ́tà, tàbí kó lọ yá ọ́ lára fọ́ǹtì mìíràn: ọ́ kan á wá dúró gbọnrangandan bí ọlọ́pàá láàárín oníjó.

Káàdì yẹn ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ fi fífì sílẹ̀ fún orúkọ tọkọtaya nìkan. Ìyókù, ẹ dá a dúró ní 11 point, ẹ bọ́ ọ̀rá ara ẹ̀, pàápàá nọ́ńbà ilé. Bí tàdáwà bá dí ẹnu 3, tó di 8, ilé onílé ni àlejò máa jókòó sí de ìyàwó.